Ilẹ̀ Tó Wà Láàárín Ilé-Ìwé Méjì

Nígbà tí mo dé ọgbà ilé-ìwé náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn èèkàn mi kò sí níbi tí mo kàn wọ́n mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í ṣe pé wọ́n sọnù o. Ká ní wọ́n sọnù ni, ì bá yé mi, torí àwọn ọmọdé a máa fa igi yọ, ẹni tí kò bá sì ní igi ìdáná a máa ṣa ohun tó bá rí. Gbogbo wọn pé. Ẹnì kan ló tu wọ́n, tó fi sùúrù kàn wọ́n padà mọ́lẹ̀ níbòmíràn, tó sì tún okùn mi ta mọ́ wọn lára. Kókó tó ta tilẹ̀ dára ju èyí tí èmi ta lọ.

Mo ṣí ìwé àwòrán mi. Mo wò ó, mo wo ilẹ̀, mo tún wò ó. Mo kọ́kọ́ gbà pé èmi ni mo ṣì í, torí iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ mi, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí n kò ṣe àṣìṣe. Mo mú tépù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n láti ara ògiri. Èmi kọ́ ni mo ṣì í. Èèkàn ti rìn.

Mo lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ta ló wọlé síbí lópin ọ̀sẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó wọlé."

"Ẹnikẹ́ni rárá, sà?"

"Mo ní kò sẹ́ni tó wọlé. Ṣé èmi máa jókòó síbí kí olè máa kọjá lójú mi ni? Àfi àwọn tó ni ilé-ìwé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì lọ kan àwọn èèkàn mi padà síbi tó yẹ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tún kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, apá ọ̀tún ni wọ́n sún sí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń padà bọ̀ sápá òsì. Àfi bíi pé ilẹ̀ náà ń mí.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì tètè yé èmi náà. Ìyá mi sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Challenge pé ọmọ àwọn ń kọ́lé. Bàbá mi ní rárá, pé kóríko ni mò ń gbìn. Àwọn méjèèjì kò jìnnà sí òótọ́. Ẹni tó ń yàwòrán ilé a máa parí iṣẹ́ tirẹ̀ síbi ògiri. Ibi tí ògiri parí sí ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà wọlé, ojú tí àgbàrá yóò gbà jáde, ibi tí ìbòòji yóò wà nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ibi tí ọmọ lè sáré kó má fi eyín gbá kọnkéré. Ní àwọn ọdún 1990 yẹn, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, wọn a ní, "Hẹ̀n, òdòdó!" Mi ò bá wọn jiyàn mọ́ nígbà tó yá.

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ring Road, lókè ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ọ̀gá Adégbìtẹ́ ló ni ín. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, èyí tí wọ́n bá sì sọ, ìdajì ni wọ́n máa ń sọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, wọn kò fún mi ní àga, wọn kò fún mi ní pẹ́ńsùlù. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń ti ibùdókọ̀ wọ ilé ìwòsàn náà. Mo dúró nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí mo gòkè padà, wọ́n bi mí pé, "Kí lo rí?"

"Mo rí àwọn tó ń wọlé, sà."

"Ṣé ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà?"

"Rárá, sà. Àwọn tó gbé aláìsàn dání ń gba inú kòtò."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo lọ sílé lọ́jọ́ yẹn láìmọ̀ bóyá mo yege tàbí mo fìdí rẹmi. Títí di òní, n kò tíì mọ̀.

Iṣẹ́ ilé-ìwé yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé èmi nìkan lọ́wọ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, láàárín Bódìjà sí Agbowó. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló fẹ́ tún ọgbà rẹ̀ ṣe. Ilé-ìwé méjì ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, bó ṣe wọ́pọ̀ nílùú wa: Kìíní wà lókè lápá títì, Kejì wà nísàlẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, aṣọ kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń wọ̀, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ọ̀gá tirẹ̀ àti agogo tirẹ̀.

Ìyáàfin Olúdáre ni ọ̀gá Kìíní. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń lo gíláàsì ojú, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n. Ohùn wọn kì í ròkè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wúkọ́, gbogbo kíláàsì á dákẹ́. Àlàájà Sàlámì ni ọ̀gá Kejì, obìnrin gíga, alára ńlá, tí ìbòrí funfun wọn kì í ní àbàwọ́n láàárín erùpẹ̀ pupa yẹn. Gbogbo ọmọkùnrin ni wọ́n ń pè ní ọkọ mi, gbogbo ọmọbìnrin ni wọ́n ń pè ní ìyàwó mi. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀kan á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," èkejì á ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ó parí. Wọn kò jà. Ẹni tó bá ń jà a máa pariwo. Mo sáà rí i pé àárín wọn kò gún, mo sì rò pé ìjà ilẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ni mò ń sọ. Láàárín ilé-ìwé méjèèjì, ilẹ̀ gbalasa kan wà níbẹ̀ tó tẹ́jú ju gbogbo ọgbà yòókù lọ. Igi fúrúùtù ńlá kan na apá bò ó, ìbòòji wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ọmọ kan tó ń ṣeré níbẹ̀. Orí òkúta wẹ́wẹ́ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí orúnkún wọn ń bó. Bí eré bá gbé wọn dé etí ìbòòji yẹn, wọn a ṣẹ́rí padà. Mo wò ó títí, kò yé mi. Mo wá sọ fún ara mi pé torí kò sí nǹkan ìṣeré níbẹ̀ ni. Bí mo ṣe gbé ibi ìṣeré àwọn ọmọ kékeré síbẹ̀ nínú àwòrán mi nìyẹn: jáńgílófà mẹ́ta, iyanrìn, àti ìjókòó yí ìdí igi ká.

Mo tẹ́ àwòrán náà síwájú Ìyáàfin Olúdáre. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ṣé... ṣé Àlàájà ti rí i?"

"Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ báyìí, mà."

"Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kò burú."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Àlàájà. Àwọn náà wò ó. Wọ́n fi ìka kan ibi tí mo ya jáńgílófà sí, wọ́n sì yára gbé ìka kúrò.

"Ṣé ọ̀gá Kìíní ló ní kí ẹ gbé e síbí?"

"Wọ́n ní ó dára, mà."

Wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò yẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n. Ó dára náà. Kí Ọlọ́hun fi ṣe ire."

Mo padà sí Ring Road tayọ̀tayọ̀, mo ní gbogbo ènìyàn ló gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèkàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Bí èèkàn nìkan bá ni, ìbá sàn. Ilẹ̀ náà pàápàá kò dúró lójú kan. Kí á tó ri nǹkan mọ́lẹ̀, a ní láti mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Rọ́bà gígùn funfun kan tí ojú ń ríran gba ara rẹ̀ la fi ń ṣe é. A ó bu omi sínú rẹ̀, ẹnì kan á di ẹnu rẹ̀ mú níbí, ẹlòmíràn á di ẹnu kejì mú lọ́hùn-ún. Ibi tí omi bá dúró sí lápá kan náà ló máa dúró sí lápá kejì. Omi kì í ṣe ojúsàájú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, mo wọn ilẹ̀ náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò rọ̀. Mo tún un wọ̀n, ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí i. Mo ní atẹ́gùn ló wà nínú rọ́bà, mo da omi rẹ̀ nù, mo bu òmíràn. Mo lọ yá rọ́bà Músílíù, bíríkìlà tí yóò bá wa ṣe iṣẹ́ náà. Òjò tún rọ̀, ilẹ̀ tún rẹlẹ̀. Ògiri tí mo sàmì sí kò yẹ̀ níbì kankan.

Mo wá rò pé bóyá èmi ni orí mi kò pé mọ́. Lọ́dún yẹn, epo mọ́tò wọ́n bí ojú, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn púpọ̀ nínú oòrùn. Mo lọ bá Ọ̀gá Adégbìtẹ́.

"Sà, bí mo bá wọn ilẹ̀ yẹn lónìí, kì í bá ti àná mu."

"Ṣé o ti wo rọ́bà rẹ dáadáa?"

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, sà."

"Èèkàn rẹ ńkọ́?"

"Ó ń rìn, sà."

"Èèkàn ń rìn, ilẹ̀ ń rì." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má ri nǹkan kan mọ́ ibẹ̀ títí wàá fi mọ ìdí rẹ̀."

"Ta ni kí n bi, sà?"

"Àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí o tó dé."

Àkókò sì ti ń lọ. Alága ẹgbẹ́ òbí ti ní kí wọ́n máa jó irin jáńgílófà lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀, Músílíù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Mo bẹ àwọn ọ̀gá méjèèjì pé kí wọ́n wá bá mi lábẹ́ igi fúrúùtù nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde fún ìsinmi. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa pè wọ́n pọ̀. Mo débẹ̀ ṣáájú wọn, mo dúró láàárín ilẹ̀ náà gan-an, mo di ìwé mi mú bí agbẹjọ́rò.

Ìyáàfin Olúdáre sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, Àlàájà gòkè láti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró létí ibẹ̀. Kò sí èyí tó wọ inú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Lẹ́yìn náà, Àlàájà wò mí. "Kúrò níbẹ̀, ọmọ mi," ni wọ́n wí. N kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. "Jọ̀ọ́. Bọ́ síbí."

Mo rò pé inú ló ń bí wọn. N kò kúrò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máà bínú. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń tu èèkàn mi. Bí iṣẹ́ mi kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún mi, màá tún un ṣe."

"Èmi ni," ni Àlàájà wí.

"Rárá," ni Ìyáàfin Olúdáre wí. "Èmi ni."

Wọ́n yíjú sí ara wọn.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Àlàájà bi wọ́n.

"Mo máa ń dé kí àwọn ọmọ tó dé. Mo sún wọn jìnnà sí ibẹ̀."

"Èmi máa ń dúró títí gbogbo wọn á fi lọ. Èmi náà sún wọn jìnnà. Bí mo bá dé láàárọ̀, tí mo rí i pé wọ́n ti tún yí, mo ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ síbẹ̀ dandan."

"Èmi? Èmi ni mo máa ní kí wọ́n gbé jáńgílófà sórí Kọ́ládé?"

Ariwo àwọn ọmọ ń ta lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀.

"Ta ni Kọ́ládé, mà?" ni mo bi wọ́n.

Ìyáàfin Olúdáre bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu aṣọ nù ún. Àlàájà wá nawọ́, wọ́n fà mí kúrò níbi tí mo dúró sí bí ìgbà tí ènìyàn bá fa ọmọdé kúrò lójú títì.

Àwọn méjèèjì wá jọ sọ ọ́ fún mi pé kànga ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, wọ́n pa á tì, wọ́n fi pákó bò ó. Kìíní ní Kejì ló ń bójú tó pákó náà, Kejì ní Kìíní ni. Àárín méjèèjì ló wà, kò sì sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Pákó jẹrà. Lọ́sẹ̀ kan nígbà òjò, wọ́n ń kó àwọn ọmọ kíláàsì kan láti Kìíní lọ sí Kejì torí pé Kìíní ti kún jù. Kọ́ládé wà lára wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ wá bèèrè ọmọ rẹ̀ ní Kìíní, wọ́n ní kó lọ sí Kejì. Ó dé Kejì, wọ́n ní kó padà sí Kìíní. Inú kànga yẹn ni wọ́n ti rí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá dí kànga náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀gá méjèèjì kò bá ara wọn sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Olúkúlùkù wọn kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé kí wọ́n má tẹ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, mà?"

"Mo rò pé Àlàájà ti sọ fún ẹ," ni Ìyáàfin Olúdáre wí.

"Mo rò pé ọ̀gá Kìíní ti sọ ọ́," ni Àlàájà wí.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kò sí ohun tó ṣe rọ́bà mi. Kànga tí wọn kò dí dáadáa ló ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ri irin jáńgílófà mọ́, kí n wá kó àwọn ọmọ kékeré sórí rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀.

"A ní láti gbẹ́ ẹ, kí á tún un dí," ni mo wí.

"A ò lè fọwọ́ kan ibẹ̀ láìsọ fún ìyá rẹ̀," ni Àlàájà dáhùn.

Mo bèèrè ẹni tó máa lọ. Níkẹyìn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ.

Ìyá Kọ́ládé ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ní Agbowó, láàárín àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, yíǹkì dúdú sì wà léékánná rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó gbójú sókè, tó rí àwọn ọ̀gá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó pa ẹ̀rọ.

"Madam, abeg now," ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bẹ̀ ẹ́, "lecture don start."

"Ẹ máa lọ. Ẹ padà wá tó bá yá." Ó dúró títí wọ́n fi túká. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ẹ̀yin méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan náà."

Àlàájà kí i, Ìyáàfin Olúdáre kí i, wọ́n sì yíjú sí mi. Ó di dandan kí èmi sọ ọ́. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ọgbà ilé-ìwé ni mò ń ṣe, àti pé mo fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti dí kànga náà bó ṣe yẹ.

"Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti dí i."

"Wọ́n dí i, mà. Ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rì."

Ó jókòó sórí páálí ìwé. "Láti ìgbà yẹn," ni ó wí, "àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń rìn lórí ẹ̀."

"Wọn kì í rìn níbẹ̀," ni Àlàájà tètè dá a lóhùn. "A ò jẹ́ kí wọ́n rìn níbẹ̀."

Ìyá Kọ́ládé gbójú sókè wò wọ́n. "Ẹ ti mọ̀ nìyẹn."

Mo ti jókòó níbi ìpàdé púpọ̀ láyé mi, tí àwọn ènìyàn ńlá ń pariwo mọ́ ara wọn. N kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré ti wúwo tó báyẹn. Omi ń bọ́ lójú Àlàájà sórí ìbòrí funfun, wọn kò sì nù ún.

"Ẹ lọ dí i," ni Ìyá Kọ́ládé wí. "Mo máa wá wò ó."

A fi páànù yí ibẹ̀ ká, Músílíù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ so okùn mọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ohun tí wọ́n ń gbé jáde bí gbogbo wa nínú: àga àti tábìlì tó ti kán, ewé gbígbẹ, àpò sìmẹ́ńtì, agolo. Pàǹtí lásán ni wọ́n dà sínú kànga náà, wọ́n wá fi erùpẹ̀ bò ó lójú. Bí pàǹtí náà ṣe ń jẹrà ni ihò ń là nísàlẹ̀.

A kó òkúta ńlá sísàlẹ̀, a kó kékeré lé e, a da yangí sí i, a da iyanrìn sí i. Ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó bu omi sí i, a ó fi irin wúwo gún un kó le. Ìyá Kọ́ládé dúró lábẹ́ igi fúrúùtù. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gún ìpele kan tán, tí wọ́n fẹ́ da òmíràn sí i, ó máa ń sọ pé, "Ẹ tún un gún." Wọ́n á tún un gún. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ráhùn. Nígbà tí a da kọnkéré lé e lójú, ó bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ tẹ etí kọnkéré náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ.

Iṣẹ́ kànga parí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wá dàrú mọ́ mi lójú pátápátá. Kí ni kí n wá fi síbẹ̀? Mo ya ibi ìṣeré, mo pa á rẹ́. Mo ya ọgbà òdòdó, mo pa á rẹ́. Ọ̀gá Adégbìtẹ́ rí òfìfo tó wà láàárín àwòrán mi.

"Kí nìyí?"

"N kò mọ̀, sà."

Wọ́n mi orí bíi pé èsì tó dára ni mo fọ̀. Ìyẹn tún pa kún ìdààmú mi.

Mo padà sí Agbowó. Mo bi Ìyá Kọ́ládé bóyá kí á gbin òdòdó síbẹ̀, tàbí kí á kọ orúkọ ọmọ náà sára òkúta.

"Òdòdó? Ta ni òdòdó fẹ́ ṣọ́?" Ó ń to ìwé sínú ẹ̀rọ, kò wò mí. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Láàárọ̀, níbo ni àwọn ọmọ ti ń tò?"

"Àwọn ti Kìíní ń tò níwájú ilé tiwọn, mà. Àwọn ti Kejì ń tò níwájú tiwọn."

"Ó dáa. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti sọnù. Kì í ṣe inú kànga. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti sọnù. Àwọn ti òkè ní ó wà nísàlẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ ní kò tíì kúrò lókè." Ó wá wò mí wàyí. "Ibi tí gbogbo wọn á ti máa tò pọ̀ ni kí ẹ ṣe síbẹ̀. Kí àwọn obìnrin méjèèjì yẹn máa dúró láàárọ̀, kí wọ́n máa rí gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Mo tún gbogbo àwòrán náà yà. Mo mú ọ̀nà kan wá láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, wọ́n pàdé níbẹ̀. Mo mọ ìjókòó kúkúrú yí i ká, mo gbin dòńgóyárò sí etí rẹ̀ níbi tí ìbòòji fúrúùtù kò dé. Mo gbé jáńgílófà lọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, níbi tí olùkọ́ lè máa rí wọn láti orí àga rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ òbí bínú, ó ní àwòrán tí àwọn fọwọ́ sí kọ́ nìyí. Ọ̀gá Adégbìtẹ́ pè é wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ọgbà tí mo yàwòrán rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn pọ̀, àwọn kan rẹwà débi pé àwọn ìyàwó tuntun ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ wa bá bi mí pé èwo ni mo fi ń yangàn jù, ilé-ìwé yẹn ni mo máa ń rán wọn lọ wò. Wọ́n máa ń padà wá pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣìnà. Wọ́n ní ilẹ̀ gbalasa ni àwọn bá níbẹ̀, àti igi, àti ìjókòó. N kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń sọ àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ fún wọn.

Agogo méjì ló dún lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ òkè sọ̀, àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ gòkè, wọ́n dé etí ilẹ̀ náà, wọ́n sì dúró. Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ìyáàfin Olúdáre ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Àlàájà tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ wá rọ́ wọlé. Kìíní dá orin tiwọn, Kejì dá tiwọn, gbogbo rẹ̀ dàrú, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá," ni Àlàájà wí.

"Rárá o, ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀."

Àlàájà gbàdúrà, Ìyáàfin Olúdáre náà gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pe kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á ka àwọn ọmọ rẹ̀, á sì dáhùn sókè ketekete kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Ó pé." Wọ́n á pe òmíràn. "Ó pé."

Ìyá Kọ́ládé dúró lẹ́yìn géètì, ní ìta, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí olùkọ́ tó kẹ́yìn ní "Ó pé," ó yípadà, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.